Dede Wa Ńkọ́?

Ó lé ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún tí àpótí kékeré kan lójú fóònù mi kò fi jẹ́ kí n sùn bó ṣe yẹ. Kò tóbi ju èékánná ọmọ ọwọ́ lọ. Tí mo bá tẹ̀ ẹ́, àmì á yọ nínú rẹ̀. Tí mo bá tún un tẹ̀, àmì á pòórá. Nínú gbogbo ohun tí mo yàn sára ọkọ̀ tí mo fẹ́ rà, tí òmíràn nínú wọn tó owó tòkúnbọ̀ kan lódindi, òun ni wọ́n kọ òdo sí iwájú rẹ̀. Ohun tí kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi ló wá ń gba oorun lójú mi.

Ìjókòó ẹ̀yìn ni. Porsche 911 Carrera tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2024, èyí tí òrùlé rẹ̀ kì í ṣí, èèyàn méjì péré ni wọ́n ṣe é fún. Ẹni tó bá fẹ́ ìjókòó kéékèèké méjì tó máa ń wà lẹ́yìn tẹ́lẹ̀, kó tẹ àpótí yẹn, wọ́n á fi sí i lọ́fẹ̀ẹ́. Lálẹ́ òní mo ní mo fẹ́ ẹ, lálẹ́ ọ̀la mo ní mi ò fẹ́. Ọmọ ọdún 51 ni mí, mo ti ń ta irin àti táìlì ní Ṣàgámù láti ogún ọdún sẹ́yìn, mo sì ti pinnu ọjà tó ju èyí lọ rí kí tíì tó tutù nínú ife. Èyí ò ṣe é pinnu.

Ọjà òru

Ọkọ̀ yìí kì í ṣe èyí téèyàn ń yọjú wò níbi tí wọ́n to ọkọ̀ sí, kó ta táyà rẹ̀ nípàá, kó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ná an. Wọn ò tíì ṣe é rárá nígbà tí o ń rà á. Orí íntánẹ́ẹ̀tì lo ti máa kọ́kọ́ tò ó bí ẹni ń to búlọ́ọ̀kù: àwọ̀ ara rẹ̀, àwọ̀ inú rẹ̀, rímù, bíréèkì, irú ìjókòó, irú awọ, títí dé àwọ̀ òwú tí wọ́n á fi rán awọ náà pọ̀. Ó ti lé ní yúrò 100,000 kí o tó fọwọ́ kan ohunkóhun, gbogbo ibi tí o bá sì tẹ̀ ló ń gorí rẹ̀. Tí o bá parí, o gbé e fún àwọn tó ń bá wọn tà á l'Ékòó, ó di Zuffenhausen ní ìlú Stuttgart, lórílẹ̀-èdè Jámánì. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí rẹ̀.

Ẹni tó bá ti jókòó ti ahunṣọ rí, tó ń yan òwú, tó ń sọ pé kí ìlà pupa yìí tẹ́ẹ́rẹ́ díẹ̀, kí funfun yẹn yẹra fún un, á mọ adùn tó wà nínú nǹkan tí mò ń sọ. Àwa tí ìyá wa àgbà hun aṣọ olónà n'Íjẹ̀bú kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ wa ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Mo gbádùn àwọn òru yẹn. Ìyàwó mi á ti sùn, wọ́n á ti pa jẹnẹrétọ̀ àdúgbò, iná ìnfátà nìkan ló kù, èmi á sì máa yí ọkọ̀ náà ká lójú fóònù, mo ń yí àwọ̀ rẹ̀ padà bí ọ̀gà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ti yàn títí di ìgbà yẹn. Pupa ni ara rẹ̀, àlàárì gidi. Rímù ńlá ni, íǹṣì 20 níwájú, íǹṣì 21 lẹ́yìn, táyà tó fi rọ́bà pẹlẹbẹ yí i ká bí ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn ọwọ́. Bíréèkì sẹ̀rámíìkì ni, àwọn tí irin aláwọ̀ yẹ́lò máa ń yọ lójú rímù wọn, tí ẹni tó bá mọ ọkọ̀ á fi rí i láti òdìkejì títì pé o náwó. Ìjókòó ìdíje ni, èyí tí wọ́n fi kábọ́ọ̀nù ṣe, tó ga létí méjèèjì, tó di ara mú bí ẹni gbé ọmọ lé ọwọ́. Mo sì yọ ìjókòó ẹ̀yìn kúrò.

Gbogbo rẹ̀ ló dára, ọkọ̀ tó rẹwà ni. Nígbà tó yá ni mo wá fura sí ohun kan: ní gbogbo òru tí mo fi ń wò ó, ìta ni mo máa ń dúró sí nínú ọkàn mi. Mi ò jókòó sínú rẹ̀ rí. Mo máa ń dúró létí títì bí ẹni tó ń kọjá lọ, mò ń wo ara mi bí mo ṣe ń sọ̀kalẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni mo sọ fún Màámi lórí fóònù. Ẹni ọdún 79 ni wọ́n, wọ́n ń gbé ní Ìjẹ̀bú-Òde, nílé tí bàbá wa kọ́. Wọ́n ṣàdúrà títí, wọ́n ní ọkọ̀ náà ò ní bá mi jà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bèèrè pé èèyàn mélòó ló ń gbà.

"Èèyàn méjì ni, Màámi."

Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Mo rò pé fóònù ti já.

"Dede wa ńkọ́?"

Dede ni àwa Ìjẹ̀bú ń pe gbogbo. Mo fi ẹ̀rín bò ó, mo ní ọkọ̀ tí dede wa ń wọ̀ wà nílé, jíìpù wà, bọ́ọ̀sì wà. Wọ́n ní ó dáa. Àmọ́ láti ọjọ́ náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àpótí kékeré yẹn, tí mo tún ń tú u.

Òdo tó wà láàárín

Peugeot 504 ni bàbá mi fi jẹun. Èyí tó gùn lẹ́yìn ni, tó ní ẹsẹ̀ ìjókòó mẹ́ta, ó sì fi ń ná ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde sí Ìbàdàn láti kùtùkùtù. Lọ́jọ́ tí kò bá ná ọ̀nà, tiwa ni. Màámi á jókòó níwájú pẹ̀lú àbúrò mi kékeré lórí ẹsẹ̀, mẹ́ta nínú wa á wà láàárín, méjì yòókù á wà lẹ́yìn pátápátá pẹ̀lú ẹrù, níbi tí ooru ti ń mú jù. Àárín ni ibi tèmi, mo há sáàárín ẹ̀gbọ́n mi obìnrin àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin. Mo ṣì lè júwe ẹ̀yìn ọrùn bàbá mi fún yín láti ibẹ̀, ilà kékeré mẹ́ta tó wà lára rẹ̀, àti bí òógùn ṣe máa ń gba ààárín wọn kọjá.

Lóru ọjọ́ kan mo ń ka ìtàn 911, mo bá kan 504 bàbá mi nínú rẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀. Nígbà tí Porsche kọ́kọ́ fi ọkọ̀ yìí han ayé níbi ìpàtẹ Frankfurt ní ọdún 1963, 901 ni wọ́n pè é. Peugeot ló yarí. Wọ́n ní nílẹ̀ Faransé, àwọn làwọn ni ẹ̀tọ́ sí orúkọ ọkọ̀ tó bá jẹ́ nọ́ńbà mẹ́ta tí òdo wà láàárín. Porsche bá yọ òdo, wọ́n fi oókan dípò rẹ̀, ó sì di 911 títí dòní.

Inú mi kọ́kọ́ dùn sí i bí inú ọmọdé ṣe ń dùn sí àló. Lẹ́yìn náà mo gbé fóònù sílẹ̀. Àárín 504 ni wọ́n tọ́ mi sí, ara mi gbá ara ẹ̀gbọ́n mi. Ọkọ̀ tí mo fẹ́ rà yìí, ohun àkọ́kọ́ tó gbé sílẹ̀ ní kékeré rẹ̀ ni àárín.

Mi ò sọ pé nọ́ńbà lè bá èèyàn sọ̀rọ̀. Ìdí tí mo fi kọ ọ́ síbí ni pé bó ṣe ṣe mí lóru náà nìyẹn.

Ọjọ́ tí Màámi wọ̀ ọ́

Ẹ̀gbọ́n kan wà tí mo máa ń bá ṣòwò, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó. Ó ní 911 ti ọdún 2010, aláwọ̀ eérú, èyí tó ṣì ní ìjókòó ẹ̀yìn. Lẹ́yìn ọdún Iléyá, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó bá mi gbé e yà sílé wa kí Màámi lè rí irú ohun tí mo fẹ́ rà. Mo fẹ́ kí wọ́n rí i ni. Kí wọ́n wọ̀ ọ́ kò sí lọ́kàn mi.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ àdúgbò wa mọ gọ́tà tó wà lẹ́nu ọ̀nà, èyí tí wọ́n fi pákó kọ́ńkéré bò. Jíìpù mi kì í mọ̀ pé ó gùn ún. Ẹ̀gbọ́n dúró ṣáájú rẹ̀, ó sọ̀kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ó padà sínú ọkọ̀, ó yí sítíárì, ó fi ọkọ̀ náà dábùú kí ẹsẹ̀ kan lè kọ́kọ́ gùn ún, kí èkejì tó tẹ̀ lé e. Síbẹ̀ abẹ́ iwájú rẹ̀ ha mọ́ kọ́ńkéré náà. Ìró yẹn wọ mí léyín. Gbogbo ọmọ àdúgbò ló figbe ta lẹ́ẹ̀kan náà.

Màámi jáde tàwọn ti ìró àti bùbá tí wọ́n wọ̀ lọ sí mọ́sálásí. Wọ́n yí ọkọ̀ náà ká lẹ́ẹ̀kan, wọ́n fi ọwọ́ sí i lẹ́yìn bí ẹni tó ń kí ẹran Iléyá. Wọ́n ní níbo ni ẹ̀rọ rẹ̀ wà, Ẹ̀gbọ́n ní ẹ̀yìn ni, pé bọ́ńẹ́tì iwájú yẹn, ẹrù ni wọ́n ń kó sí i.

"Á! Ó pọ̀n ọ́n ni."

Láti ọdún yìí wá tí mo ti ń ka ohun tí àwọn onímọ̀ kọ nípa ẹ́ńjìnnì tó wà lẹ́yìn ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, bó ṣe ń tẹ táyà ẹ̀yìn mọ́lẹ̀, bí ọkọ̀ náà ṣe máa ń fẹ́ fi ìdí yípo tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó kọ́ ọ níwà, kò sí èyí tó yé mi tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó pọnmọ mọ bí ẹrù ẹ̀yìn ṣe ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ dúró ṣinṣin, ó sì mọ bó ṣe yẹ kéèyàn rọra yà.

Wọ́n wá ní àwọn fẹ́ wọ̀ ọ́.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti le. Ọkọ̀ náà lọ sílẹ̀, ìró Màámi sì fún. Wọ́n kọ́kọ́ gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún wọlé bí wọ́n ṣe máa ń wọ ọkọ̀ yòókù, ìró ò gbà. Wọ́n gbé e jáde. Wọ́n yí ẹ̀yìn sí ọkọ̀, wọ́n di apá mi mú, wọ́n wá rọra ń lọ sílẹ̀, ilẹ̀ sì ń jìnnà sí wọn ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Mo gbọ́ tí orúnkún wọn dún. Fún bí ìṣẹ́jú àáyá méjì gbogbo ìwọ̀n ara ìyá mi wà lọ́wọ́ mi, kò sì wúwo. Ìyẹn ló dẹ́rù bà mí jù. Nígbà tí wọ́n jókòó tán, mo kúnlẹ̀, mo gbé ẹsẹ̀ wọn méjèèjì wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, mo tún etí ìró wọn ṣe kí ilẹ̀kùn má bàa há a.

Mo fojú inú wo ìjókòó kábọ́ọ̀nù tí mo yàn, etí rẹ̀ méjèèjì tó ga. Wọn ò lè wọ̀ ọ́ láéláé.

Ẹ̀gbọ́n wọlé, ó fi kọ́kọ́rọ́ sí apá òsì sítíárì, ó fẹ́ ṣáná.

"Ọwọ́ òsì lo fi ń ṣáná sí i?"

Ó ṣàlàyé pé bí 911 ṣe rí látayébáyé nìyẹn, pé wọ́n ní láti ìgbà tí àwọn awakọ̀ ìdíje ń sáré wọ ọkọ̀ ni, kí ọwọ́ òsì lè máa ṣáná kí ọwọ́ ọ̀tún ti wà lórí jíà. Màámi ronú sí i. Wọ́n ní ọwọ́ ọ̀tún ni ọkọ àwọn fi ń ṣáná sí tirẹ̀, pẹ̀lú bísímílà, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé iṣẹ́ ló wà lọ́wọ́ ọ̀tún, kò burú. Ẹ̀gbọ́n ṣe bísímílà, ó ṣáná.

Bó ṣe fẹ́ ti ilẹ̀kùn ni ọmọ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ọmọ ọdún márùn-ún, gba abẹ́ apá mi kọjá, ó gba ẹ̀yìn ìjókòó awakọ̀ wọlé, ó sì jókòó sẹ́yìn bí ẹni tó ti sanwó. Ìjókòó tí àgbàlagbà kankan ò lè jókòó sí, òun gan-an ló bá a mu. Wọ́n de bẹ́líìtì mọ́ ọn. Màámi na ọwọ́ sẹ́yìn, wọ́n gbé báàgì wọn lé e lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọkọ̀ kún. Wọ́n gba ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ lọ.

Èmi nìkan ló kù lẹ́nu géètì.

Mo dúró sí ibi tí mo ti ń dúró láti ọ̀sẹ̀ márùn-ún, létí títì, mò ń wo 911 tó ń lọ. Mo rí ìdí rẹ̀. Mo rí iná ẹ̀yìn méjì. Mo kà dé mẹ́wàá bóyá méjìlá, wọ́n yà, ó parí. Ohun tí ẹni tó wà níta ń rí kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èrò mi lóru, owó bíréèkì, owó rímù, ìyẹn ni mo fẹ́ fi rà.

Wọ́n lo bí ogún ìṣẹ́jú. Nígbà tí wọ́n dé, Màámi ò tètè sọ̀kalẹ̀. Wọ́n ní kí n dúró ná. Wọ́n ní àwọn gbọ́ ilẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ àwọn, pé jíìpù mi kì í jẹ́ kéèyàn mọ̀ pé òun ń rìn. Wọ́n ní ẹ̀rọ náà ń kùn sí àwọn lẹ́yìn bí ọmọ tó fẹ́ sùn. Wọ́n ní ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi yípadà. Mo ní ṣé kò le jù fún ẹ̀yìn wọn, wọ́n ní ó le, ṣùgbọ́n wọ́n tún fẹ́ lọ.

Mo wá fi ìgboyà bèèrè: "Màámi, ọ̀rọ̀ dede wa tí ẹ sọ nígbà yẹn..."

"Èmi ò ní kí dede wa kó sínú ẹ̀ pọ̀. Ẹ̀wù tí o bá dá, èèyàn mélòó ló ń wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà? Mo kàn fẹ́ mọ ibi tí o fi wá sí ni."

Ẹṣin kì í gba èèyàn méjì

Láti ìgbà náà ni mo ti ń fi ojú mìíràn wo Ojúde Ọba, àjọ̀dún Ìjẹ̀bú-Òde lẹ́yìn Iléyá, tí mo ti ń lọ láti kékeré. Gàárì ẹṣin, ẹnìkan ló ń gbà. Kò sí ẹni tó bínú sí ẹlẹ́ṣin ìdílé Balógun Kúkù rí pé kí ló dé tó dá ẹṣin gùn. Ìdí ni pé kò dá wá. Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń jó, àwọn onílù ń ki baba ńlá rẹ̀, ìbọn ń dún, ìyá àgbà kan tí kò lè rìn jìnnà mọ́ jókòó sí abẹ́ àgọ́, ó ń na ọwọ́ sí ẹṣin náà, ó ń sọ pé tiwa nìyẹn. Tiwa ni ó sọ. Ẹṣin kan ṣoṣo, ìdílé gbogbo ló gùn ún.

Ẹwà fún ojú kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ níbí. Ọba Síkírù Adétọ̀nà, Awùjalẹ̀ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, tó wàjà ní oṣù Keje ọdún 2025 lẹ́yìn ọdún 65 lórí ìtẹ́, ló tún ètò regbẹ́régbẹ́, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn sún mọ́ra, gbé dìde, ẹ sì ti rí bí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣe ń fi oṣù jókòó lórí ọ̀rọ̀ aṣọ, àwọ̀ fìlà, gèlè, bàtà, agbòòrùn. Yíyàn náà nìyẹn. Wọ́n kì í dá a yàn. Wọ́n á jà lórí àwọ̀, wọ́n á pààrọ̀ rẹ̀, wọ́n á ro ti ẹni tí owó rẹ̀ ò tó. Nígbà tí wọ́n bá jáde, ẹni tó ń wòran rí ẹwà, àwọn tó wà nínú rẹ̀ sì mọ ẹni tí wọ́n torí rẹ̀ ṣe ohun kọ̀ọ̀kan.

Ohun kan tún wà tó dùn mọ́ mi. Àmì tó wà lórí bọ́ńẹ́tì Porsche, ẹṣin ló wà láàárín rẹ̀. Ẹṣin ìlú Stuttgart ni, nítorí ibi tí wọ́n ti ń sin ẹṣin láyé àtijọ́ ni orúkọ ìlú náà ti wá. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Àwọn náà wolé.

Ẹnìkan á ti máa bi mí lọ́kàn rẹ̀ pé nínú ọ̀wọ́n ìlú yìí, ọkọ̀ eléèyàn méjì ni mo fi owó bẹ́ẹ̀ rà? Ìbéèrè tó tọ́ ni, mi ò sì ní sá fún un. Àwọn tó ń bá mi ṣiṣẹ́ gba owó oṣù wọn lásìkò, mi ò jẹ báńkì, àwọn ọmọ mi ti kàwé tán. Síbẹ̀ mo mọ̀ pé ẹni tó ń tò síwájú ilé epo nígbà tí mo bá kọjá kò mọ ìyẹn, kò sì yẹ kí n retí pé kó mọ̀ ọ́n. Èrò tèmi ni pé ohun tó ń dun aládùúgbò nínú ọkọ̀ olówó ńlá kì í sábà jẹ́ owó rẹ̀. Bó ṣe ń kọjá láìkí ẹnikẹ́ni ló ń dùn ún. Gíláàsì dúdú, eruku, ó lọ. Mo ti pinnu pé gíláàsì mi ò ní dúdú.

Ohun tí mo pa rẹ́

Lálẹ́ ọjọ́ tí Màámi wọ ọkọ̀ náà, mo ṣí fóònù mi ní Ṣàgámù, mo pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, mo bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, inú ni mo jókòó sí.

Ìjókòó kábọ́ọ̀nù ló kọ́kọ́ lọ. Èyí tí mo yàn dípò rẹ̀, iná ló ń gbé e sókè, tó ń sún un síwá sẹ́yìn, ọ̀nà 18 ni wọ́n ní èèyàn lè gbà tún un ṣe. Mo lè gbé e sókè dé òkè kí Màámi tó wọlé, kí n sì rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ tí wọ́n bá jókòó tán. Bíréèkì olówó gọbọi náà lọ. Ó fúyẹ́ ju ti irin lọ dáadáa, ẹni tó bá ń sáré ìdíje nílò rẹ̀, èmi ò sáré ìdíje láàárín Ìperu àti Ìlíṣàn. Carrera lásán ni mo dúró lé, mi ò gùn ún dé Carrera S tó lágbára jù ú lọ. Ẹ́ńjìnnì lítà mẹ́ta rẹ̀ ń ti ìdúró dé eré kìlómítà 100 ní ìṣẹ́jú àáyá 4.1, kò sì sí ibi tí mo ń kánjú lọ ní Rẹ́mọ tó jù bẹ́ẹ̀.

Rímù ni mo ronú lé jù, nítorí ó dùn mí láti fi 21 sílẹ̀. Ó rẹwà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n 911 kì í gbé táyà àfipamọ́. Oògùn tí wọ́n ń fún sínú táyà àti ẹ̀rọ ìfátẹ́gùn kékeré ni wọ́n fún ọ, oògùn yẹn kò sì lè di ojú ibi tí ihò títì bá ti fa ẹ̀gbẹ́ táyà ya. Gbogbo ẹni tó ń gba ọ̀nà Ṣàgámù sí Ìjẹ̀bú-Òde lóru lẹ́yìn òjò mọ ohun tí mò ń sọ, kò sì sí fọkanáísà ọ̀nà náà tó ní ìwọ̀n táyà yẹn nílẹ̀. Mo mú èyí tó wà lára rẹ̀ láti ilé-iṣẹ́, 19 níwájú, 20 lẹ́yìn, tí rọ́bà rẹ̀ nípọn jù ú lọ. Mẹkáníìkì mi, tó ti ń bá mi tún ọkọ̀ ṣe láti ìgbà tí mo ní bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo, ló sọ ọ́ fún mi tẹ́lẹ̀, mi ò gbọ́. Mo pè é láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ní Bọ̀dá, ẹ jàre.

Owó tí mo yọ lórí bíréèkì, díẹ̀ nínú rẹ̀ ni mo fi ra ẹ̀rọ tó ń gbé iwájú ọkọ̀ sókè. Ó ń gbé e tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ tí o bá rọra ń lọ. Ohun tó mú mi nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni pé ọkọ̀ náà lè fi ibì kan pamọ́ sórí: tí o bá ti gbé e sókè níbẹ̀ tí o sì ní kó rántí, á máa dá gbé ara rẹ̀ sókè nígbàkúgbà tó bá débẹ̀. Ibi àkọ́kọ́ tó máa mọ̀ láyé ni gọ́tà ẹnu ọ̀nà ilé bàbá mi.

Mo tún mú páìpù èéfín tó ń pariwo díẹ̀, nítorí mo nífẹ̀ẹ́ ohùn rẹ̀, mi ò sì ní ìdí mìíràn. Mo fi òwú funfun rán awọ dúdú.

Àwọ̀ ló kù. Àlàárì yẹn ṣì wù mí. Mo fi ojú inú gbé e sí iwájú ilé ní Ìjẹ̀bú-Òde, lábẹ́ igi àgbálùmọ̀, mo rí i pé á máa pariwo lé ilé náà lórí. Mo mú búlúù tó jinlẹ̀, tó sún mọ́ ẹtù, àwọ̀ agbádá tí bàbá mi wọ̀ nínú àwòrán tó wà ní pálọ̀. Lẹ́yìn náà ni mo dé ibi àpótí kékeré. Mo tẹ̀ ẹ́. Àmì yọ. Mi ò tún un tẹ̀ mọ́.

Mo fọwọ́ sí ìwé l'Ékòó lọ́jọ́ Ẹtì. Oṣù mélòó kan ni kó tó dé, àwọn tó ń tà á sọ fún mi, mo sì ní kò burú. Ní mọ́tò tí mo fi ń padà bọ̀ ni mo ti pe Màámi. Wọ́n ní ṣé mo ti ra ibi ti ọmọ kékeré, mo ní mo ti rà á. Wọ́n ní àwọ̀ wo ni, mo ní ẹtù, bíi ti agbádá Bàbá. Wọ́n dákẹ́ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe dákẹ́ lọ́jọ́ sí, mo sì dúró, mi ò rò pé fóònù já.

Wọ́n ní ìró ò dáa fún irú ọkọ̀ yẹn. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló sọ ìyókù fún mi nígbà tó pè mí lálẹ́: wọ́n ti rán an lọ sí ọjà Òkè-Ajé pé kó bá wọn wá aṣọ tí wọ́n á fi rán bùbú tó fẹ̀ nísàlẹ̀. Wọ́n ní kó má mú aláwọ̀ mìíràn wálé, ẹtù ni.